Oúnjẹ Oúnjẹ Tó Gba Creek Road Kọjá

Mo ní àbúrò kan, ọmọ àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ń dá oko ìrẹsì lẹ́bàá Ọ̀fàdà. Lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, ó tẹ̀ mí láago. Kò tíì kí mi tán tó fi já ọ̀rọ̀ lù mí pé: "Bùọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé lẹ́nu wáàfù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àpò ajílẹ̀ méjì. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ wa níbí, owó rẹ̀ ti kọjá agbára mi."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti ń gbé Àjẹgúnlẹ̀, inú ọkọ̀ òkun ló ń sùn sí. Kò mọ̀ pé yúríà tó ń wá ti ṣí kúrò lọ́dọ̀ wa. Láti oṣù kẹta ọdún 2022 ni wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Lẹ́kí, èyí tó lè ṣe mílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù lọ́dún, tí ọkọ̀ sì ń gbé lára rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Síbẹ̀ àpò kan ṣoṣo wọ́n bí ojú fún àgbẹ̀ Ọ̀fàdà. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ nǹkan.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, bàbá mi ló wá sí mi lọ́kàn. Lébìrà ni bàbá mi ní wáàfù Àpápá ní àwọn ọdún 1970. Ẹ̀bá Creek Road, níhà Àjẹgúnlẹ̀, la ń gbé, nínú ilé onípákó kan tí omi ọ̀sà máa ń wọlé wá kí wa nígbà òjò. Èjìká ni bàbá mi fi tọ́ wa. Bó bá ti ń wọlé bọ̀ nírọ̀lẹ́, a ti máa ń mọ irú àpò tó rù lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ ìrẹsì, ìyá mi á gba ẹ̀wù rẹ̀, á gbọ̀n ọ́n wò bóyá hóró díẹ̀ há sínú àpò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ajílẹ̀, ìyá mi kò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan ọmọ ọwọ́ títí yóò fi wẹ̀, nítorí nǹkan náà a máa ta èèyàn lára bí òógùn bá ti pò mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tó bá sì ru méjèèjì, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á na ẹsẹ̀ gbọọrọ, á ní: "Láàárọ̀, mo ru oúnjẹ. Lọ́sàn-án, mo ru oúnjẹ oúnjẹ."

Àwa ọmọ á bú sẹ́rìn-ín. A rò pé àpárá lásán ni. Ìtàn oúnjẹ oúnjẹ yẹn ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, nítorí ó ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti pè mí.

Kí àpò tó máa wọlé, àpò ló kọ́kọ́ ń jáde. Ọdún 1926 ni ìjọba òyìnbó parí èbúté àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ òkun ńlá lè fẹ̀gbẹ́ tì ní Àpápá. Rélùwéè ti dé Kánò ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀pà ló sì ń kó bọ̀. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ láàrin yín á rántí àwòrán òkìtì ẹ̀pà Kánò, àpò lórí àpò, tó ga bí òkè. Àpápá ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà lọ sílùú òyìnbó. Wọ́n á fún òróró rẹ̀, wọ́n á sì fi èérí rẹ̀ bọ́ màlúù wọn. Báyìí ló ṣe ń lọ títí òdá ọdún 1972 sí 1974 fi dé, tí àrùn kan tún bo ẹ̀pà lóko lọ́dún 1975. Owó epo rọ̀bì sì ti dé nígbà náà. Kò sẹ́ni tó tún bojú wẹ̀yìn wo ẹ̀pà mọ́.

Ọdún 1975 yìí náà ni owó Údójì bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìrẹsì tí à ń retí lọ́dún Kérésì àti lọ́jọ́ Iléyá wá di ohun tí à ń jẹ láàárọ̀ Ọjọ́rú lásán. Èbúté kò lè gba gbogbo ohun tí à ń rà. Sìmẹ́ńtì nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Àpápá: ìjọba ti bèèrè fún nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ èbúté náà kò lè gbà ju mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ju 400 ọkọ̀ lọ ló tò sórí omi tí wọ́n ń dúró de ààyè. Bàbá mi sọ pé bí èèyàn bá dúró létí òkun lálẹ́, iná àwọn ọkọ̀ náà dà bí ìlú mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀dó síwájú Èkó. Nítorí ìdí èyí ni wọ́n fi sáré kọ́ èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1977.

Ìrẹsì ń wọlé, ajílẹ̀ náà ń wọlé. Lọ́dún 1976, tí ìjọba Ọbásanjọ́ dá ètò Operation Feed the Nation sílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ gba ríra àti pípín ajílẹ̀ sọ́wọ́ ara rẹ̀. Wọ́n á rà á lókè òkun lówó gọbọi, wọ́n á sì tà á fún àgbẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Nígbà ìjọba Ṣàgàrí, ọ̀rọ̀ ìrẹsì le débi pé wọ́n gbé ìgbìmọ̀ pàtàkì dìde lórí rẹ̀. Lọ́dún 1985 wọ́n fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ wọlé mọ́, ọdún 1995 ni wọ́n sì tú òfin náà. Àwọn ìyá wa lójú títì Creek Road kò gbọ́ òfin kankan. Bí tírélà bá ti gba kòtò, tí àpò bá ya, wọ́n á sáré jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti ìkólẹ̀. Ìrẹsì oníyanrìn yẹn ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Bí mo bá ń jẹ ìrẹsì tí kò ní òkúta lónìí, ó máa ń ṣe mí bíi pé nǹkan kù.

Ó dáa, kí ló wà nínú oúnjẹ oúnjẹ gan-an? Nítírójìn ni. Nínú àpò yúríà 50 kílò, kílò 23 jẹ́ nítírójìn. Òun ló ń mú ewé ìrẹsì dú bí aró, òun náà ló ń mú kí ṣírí rẹ̀ wúwo. Ilẹ̀ tí nítírójìn bá ti tán nínú rẹ̀, ìrẹsì ibẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di àdììtú rèé. Bí ẹ bá dúró ní Creek Road báyìí, láàrin èéfín tírélà, tí ẹ fa afẹ́fẹ́ símú, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ohun tí ẹ fà símú yẹn, nítírójìn ni. Ó wà lórí ẹ̀pà, ó wà lórí ìrẹsì, ó wà lórí tálákà àti olówó, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ewéko kò lè lò ó. Méjì-méjì ni nítírójìn inú afẹ́fẹ́ ń rìn, wọ́n sì dì mọ́ra bí ìbejì tí kò fẹ́ kí wọ́n ya àwọn. Àfi kí nǹkan kan kọ́kọ́ tú wọn ká. Ìrẹsì wá dà bí ẹni tó jókòó sínú omi tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Fritz Haber, ló rí ọ̀nà tí a lè fi ipá tú wọn lọ́dún 1909. Carl Bosch sọ ọ̀nà náà di iṣẹ́ ilé iṣẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Oppau lọ́dún 1913. Iná ńlá àti agbára ìfúnpọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é: ooru tó ju irínwó ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì lọ, àti ìfúnpọ̀ tó tó ìlọ́po igba ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Gáàsì tí wọ́n ń jó síbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn tó ṣírò rẹ̀ sọ pé nǹkan bí ìdajì àwọn èèyàn ayé ló ń jẹun nítorí iṣẹ́ yìí. N kò ní bú Haber fún ajílẹ̀ rẹ̀ o. Bó bá jẹ́ ti gáàsì olóró tó bá wọn fi jagun lọ́dún 1915 ni, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí Haber, láìdáná, láìgba owó. Ẹ lọ sínú oko ẹ̀wà tàbí ti ẹ̀pà, ẹ rọra hú ìdí kan, kí ẹ gbọn yẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Ẹ ó rí àwọn kókó roboto-roboto lára gbòǹgbò rẹ̀. Púpọ̀ nínú wa rò pé àrùn ni. Kì í ṣe àrùn. Lọ́dún 1886, ọmọ Jámánì kan, Hermann Hellriegel, dúró níwájú àwọn onímọ̀ ní Berlin, ó ṣàlàyé ohun tí òun àti Wilfarth rí: inú àwọn kókó yìí ni ìran ẹ̀wà ti ń gba nítírójìn inú afẹ́fẹ́. Lọ́dún 1888, Beijerinck ní ilẹ̀ Họ́láńdì yọ kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ó sì tọ́ ọ nínú ìgò. Bakitéríà ni. Ẹ̀wà fún un nílé àti oúnjẹ aládùn tó fi oòrùn ṣe, òun náà ń fún ẹ̀wà ní nítírójìn. Bí ẹ bá fi abẹ la kókó tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, inú rẹ̀ á pọ́n bí ẹran, nítorí ewéko náà ti ṣe nǹkan kan síbẹ̀ tó bá ẹ̀jẹ̀ wa tan, kí ọ́síjìn má baà pọ̀ jù níbẹ̀ kó ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ wá padà wo òkìtì ẹ̀pà Kánò. Púpọ̀ nínú nítírójìn inú ẹ̀pà yẹn, afẹ́fẹ́ Nàìjíríà ni kòkòrò àìfojúrí ti fà á. A dì í lápò, a fi rélùwéè gbé e wá sí Àpápá, a fi ránṣẹ́ sí màlúù òyìnbó. Nígbà tí ẹ̀pà tán, a mú owó epo, a ra nítírójìn padà lọ́wọ́ òyìnbó nínú àpò mìíràn. Èjìká àwọn lébìrà Àpápá ló rù ú lọ, èjìká wọn náà ló rù ú bọ̀. Bàbá mi kò mọ ìyẹn kó tó kú, mo sì rò pé ì bá rẹ́rìn-ín sí i.

Ìrẹsì kò ní kókó ní gbòǹgbò. Koríko ni ìrẹsì í ṣe, kì í ṣe ìran ẹ̀wà. Síbẹ̀ àwọn ará Éṣíà ti gbin ìrẹsì sórí ilẹ̀ kan náà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí Haber tó dé. Báwo? Ní Ṣáínà àti Vietnam, wọ́n máa ń da ewéko omi kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Azolla sínú omi oko ìrẹsì. Nínú ihò ewé rẹ̀ ni irú kòkòrò kan bẹ́ẹ̀ ń gbé. Bí Azolla bá kú tó jẹrà, nítírójìn rẹ̀ di ti ìrẹsì. Lọ́dún 1939 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ P. K. De fi hàn ní Íńdíà pé àwọn èéhù omi tó ń sọ ojú omi oko ìrẹsì di àwọ̀ ewé náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ ni pé ilẹ̀ adúláwọ̀ ni wọ́n ti rí ọ̀kan nínú àwọn tó yani lẹ́nu jù. Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, lẹ́bàá odò tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ewéko kan wà tó máa ń hù nínú àbàtà nígbà òjò. Ìran ẹ̀wà ni, ó ga ju èèyàn lọ, Sesbania rostrata ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Bernard Dreyfus àti Yvon Dommergues, àwọn ọmọ Faransé méjì tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Dakar, ló kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1981. Kí ni wọ́n rí? Kókó rẹ̀ kò mọ sí gbòǹgbò. Ó to sára igi rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí ìlẹ̀kẹ̀ lára ìyàwó. Ẹ sì ronú sí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: nígbà tí omi bá bo ilẹ̀, tí gbòǹgbò kò rí afẹ́fẹ́ mí, àwọn kókó tó wà lókè omi ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Omi tó bo ilẹ̀ yẹn gan-an sì ni ìrẹsì fẹ́.

Wọ́n gbìn ín sínú àwọn oko àyẹ̀wò kéékèèké. Nígbà tó pé nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́ ó lé díẹ̀, wọ́n gé e, wọ́n rì í mọ́ ẹrẹ̀, wọ́n gbin ìrẹsì lé e lórí. Rinaudo àti àwọn méjèèjì yẹn gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1983: nítírójìn tí ewéko náà fà láti inú afẹ́fẹ́ tó nǹkan bíi 267 kílò lórí hẹ́kítà kan. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Ó ju àpò yúríà mọ́kànlá lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ wọ inú ìrẹsì, ìdá méjì tó kù dúró sínú ilẹ̀. Kòkòrò tó ṣe iṣẹ́ yìí gba orúkọ tirẹ̀ lọ́dún 1988, Azorhizobium caulinodans. Àwọn onímọ̀ mìíràn tún wá rí i lẹ́yìn náà pé ó lè wọ inú gbòǹgbò ìrẹsì fúnra rẹ̀ kó máa gbé ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe kókó síbẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé: kí ló dé tí a kò fi rí ewéko yìí lóko ìrẹsì wa? Mo bi ara mi bẹ́ẹ̀ títí. Ẹjọ́ àgbẹ̀ kọ́. Ewéko tó bá máa gba ilẹ̀ fún bí oṣù méjì kí ìrẹsì tó wọlẹ̀, ta ni yóò bọ́ ọmọ onílẹ̀ fún oṣù méjì náà? Bí ọ̀sán bá kúrú, á tètè tanná, kò sì ní sanra mọ́. Gígé rẹ̀ àti rírì í mọ́ ẹrẹ̀, iṣẹ́ akọ ni, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ ti wá sí Èkó wá gun ọ̀kadà. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé lásìkò náà gan-an, àpò ajílẹ̀ tí bàbá mi ń sọ̀ kalẹ̀, ìjọba ti san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Ta ni yóò máa gé igi nínú àbàtà nígbà tí ìjọba ń ta àpò ní ẹ̀dínwó? Ẹ̀dínwó yẹn ni mo dá lẹ́bi. Ó pa ọgbọ́n mìíràn kó tó dàgbà, nígbà tí wọ́n sì mú un kúrò lọ́dún 1997, àgbẹ̀ kò rí àpò rà, kò sì mọ nǹkan mìíràn ṣe.

Ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é tó yọrí. Kì í ṣe lórí ìrẹsì, lórí sóyà ni. Ilé ìwádìí IITA tó wà lọ́nà Ọ̀yọ́, lẹ́yìn Ọ̀jọ́ọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967, fẹ́ kí sóyà gbilẹ̀ nílẹ̀ wa. Sóyà tó ti Amẹ́ríkà wá ṣe gbéraga. Kòkòrò tirẹ̀ láti ìlú rẹ̀ nìkan ló fẹ́, kòkòrò náà kò sì sí nínú ilẹ̀ wa dáadáa. Bí a bá ń gbé kòkòrò náà wá nínú ọ̀rá, àfi kó máa wà níbi tútù. Ẹ̀yin ẹ mọ iná mànàmáná wa. Láti ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ IITA wá yí ìbéèrè náà padà. Dípò kí wọ́n máa wá kòkòrò tí yóò tẹ́ sóyà lọ́rùn, wọ́n wá sóyà tí yóò gbà láti bá kòkòrò ilé, àwọn tó ti ń bá ẹ̀wà wa gbé tipẹ́, dọ́rẹ̀ẹ́. Irú sóyà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bí ni wọ́n ń pè ní TGx, àwọn àgbẹ̀ sì ń gbìn ín káàkiri Nàìjíríà títí dòní. Àwọn ará Brazil gba ọ̀nà kejì. Obìnrin onímọ̀ kan, Johanna Döbereiner, tẹnu mọ́ ọn pé kòkòrò ni kí wọ́n fi gbin sóyà, kì í ṣe ajílẹ̀ nítírójìn, ìjọba rẹ̀ sì gbọ́. Ẹ wo ibi tí sóyà Brazil dé lónìí.

Ìrẹsì nìkan ló kù tí kò tíì gbà. Lọ́dún 2022, Eduardo Blumwald àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní yunifásítì Davis ní California tún ìran ìrẹsì kan ṣe, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè máa tú ohun kan jáde tí yóò mú kí àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ kóra jọ sí i lára, kí wọ́n sì fi nǹkan bí ikun bo ara wọn kí ọ́síjìn má baà rí wọn. Giles Oldroyd àti ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ń wá bí ewéko oníhóró, irú bí àgbàdo àti ọkà bàbà, ṣe lè gba kòkòrò sínú kókó bí ẹ̀wà. Orúkọ Áfíríkà wà nínú orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún iṣẹ́ náà. Ó dára. Ṣùgbọ́n kò sí àpò irúgbìn kankan nínú rẹ̀ tí mo lè rà ránṣẹ́ sí Ọ̀fàdà.

Nítorí náà, ohun tó wà ni mo sọ fún àbúrò mi. Mo ní bó bá kórè ìrẹsì tán, kí àkùrọ̀ rẹ̀ má ṣòfo. Kó gbin ẹ̀wà sí i, kó ká ẹ̀wà jẹ, kó má sì jó ewé rẹ̀. Kó tú u mọ́ ilẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Bùọ̀dá, ṣé ohun tí bàbá àwọn bàbá wa ń ṣe kọ́ lẹ ń tà fún mi yìí?" Mo ní òun náà ni.

Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lóṣù kìíní. Ẹ̀wà náà ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó tutù lójú. A hú ìdí mẹ́ta. Ìdí àkọ́kọ́ ní kókó mẹ́rìndínlógún, mo mú abẹ, mo la ọ̀kan, inú rẹ̀ pọ́n. Ìdí kejì náà bẹ́ẹ̀. Ìdí kẹta, láti ibi tí omi ti dúró sí, kókó rẹ̀ kò ju méjì lọ, inú wọn sì dú. Mo sọ òtítọ́ fún un pé ẹ̀wà yìí kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ àpò méjì, pé èyí tó bá ká lọ sílé ti kó nítírójìn tirẹ̀ lọ, ewé àti gbòǹgbò ló kù fún ìrẹsì. Ó fi ọwọ́ pa kókó pupa náà, ó wo ìka rẹ̀, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ bá mi ra àpò kan ná. Ká wo ti ìkejì."